Bí okùn lásán ṣe lè sọ ìwúwo ẹṣin fún yín
Ẹ má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n ìwúwo ẹṣin kí ẹ tó fún un ní oògùn aràn, nítorí pé oògùn tí kò tó kì í pa aràn tán, àwọn tí ó bá sì kù lè di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ẹ fi okùn tí kì í fà yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mí síta, kí ẹ sì tún wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó egungun èjìká dé ṣóńṣó egungun ìdí, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ okùn náà sórí téèpù (téèpù aránṣọ nìkan sábà máa ń kúrú jù). Ẹ fi ìwọ̀n àyà (ní sẹ̀ǹtímítà) sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi gígùn sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà 11,880. Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, tí gígùn sì jẹ́ 160, ẹṣin náà yóò wọ̀n tó kìlógíráàmù 436. Ara ẹṣin rí bí àgbá, ìdí nìyí tí ìṣirò náà fi ń súnmọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ ẹṣin tàbí abo tí ó lóyún mu.