Bí a ṣe ń dá ọká àti paramọ́lẹ̀ mọ̀ lóko Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Lóko kòkó Ìdànrè àti Oǹdó, ọká ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Inú ewé gbígbẹ ló ń sùn sí, àwọ̀ ewé gbígbẹ náà ló sì ní. Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò: ó fẹ̀, ìlà dúdú tín-ín-rín kan là á láàárín láti imú dé ọrùn, àmì dúdú onígun mẹ́ta sì wà lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ sanra. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kì í lé èèyàn, àmọ́ kì í yà lọ́nà pẹ̀lú. Yóò dúró jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ fi igi gígùn tú ewé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ òkìtì èèpo kòkó.

Létí odò, ìbátan rẹ̀ kan wà tó ní ìwo lórí imú, àmì dúdú bí orí ọfà sì wà ní òkè orí rẹ̀.

Níhà Àkókó tí igbó ti ń di ọ̀dàn, paramọ́lẹ̀ ńlá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àmì bíi lẹ́tà V tò lẹ́yìn rẹ̀, ṣóńṣó wọn kọjú sí ìrù. Bí inú bá bí i, á fẹ́ ara, á máa mí fùù. Òun kan náà ló kún gúúsù Áfíríkà.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni paramọ́lẹ̀ kékeré tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn ilé. Orí rẹ̀ kò fẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ sì róbótó, nítorí náà ẹni tó bá gbára lé ohun tí àwọn kan ń sọ, pé "orí onígun mẹ́ta" ni a fi ń mọ ejò olóró, yóò pè é ní ejò lásán. Ẹ wá àmì V ní òkè orí rẹ̀. Sèbé náà kò ní orí onígun mẹ́ta, ó sì ń pani.

Ẹ má sún mọ́ ejò ju mítà 2 lọ, ẹ má sì lépa rẹ̀ nítorí fọ́tò. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ bọ́ òrùka rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù jẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ ṣàlàyé àmì ara ejò náà fún dókítà, nítorí oró ejò mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe EchiTAb-Plus-ICP, oògùn tí wọ́n fi ń pa oró ejò: paramọ́lẹ̀ ńlá, sèbé atutọ́ àti Echis, irú ejò olóró kan tó ń gbé inú ọ̀dàn. Ti ọká kò sí níbẹ̀.