Bí mo ṣe to ìsìn oṣù kan ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí kò ní àlùfáà

Nígbà tí fíkà wa, àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ Áńgílíkà wa, kó lọ sí ìjọ míì ní ọdún 2025, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ rántí pé ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún ló wà nínú oṣù kọkànlá. Èmi náà kò rántí. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìn méjì ìjọ wa, àwọn ọmọ ìjọ tí a yàn láti máa mójú tó ṣọ́ọ̀ṣì, ni mí, ní abúlé kékeré kan ní Ìlú Ọba, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ti ń pín àlùfáà kan ṣoṣo lò. Bí àyè àlùfáà bá ṣófo, ọrùn àwọn wọ́dìn àti díìnì agbègbè, àlùfáà tó ń ṣe olórí àwọn àlùfáà àdúgbò, ni ètò ìsìn ń bọ́ sí. Wọ́dìn kejì ní owó àti òrùlé tó ń jò ti tó òun. Bí ìsìn ṣe di tèmi nìyẹn.

Mo fa ìlà márùn-ún sórí ìwé, mo sì kọ "Ìdàpọ̀ Mímọ́", ìsìn tí àlùfáà nìkan lè ṣe, síwájú gbogbo wọn, bí ẹni tó kó àlùfáà márùn-ún sápò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì, àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù fún ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe ìsìn. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ní orúnkún. Èkejì ti ṣèlérí fún ìjọ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta gbà láti wá lẹ́ẹ̀méjì, ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹtàlélógún, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ òwúrọ̀ nìkan ló ráyè fún ti ìkẹyìn yẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rí ìyẹn.

Díìnì fẹ́ gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ó ní láti 2019 ni òfin Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà, pé kì í ṣe dandan mọ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ṣe ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti ṣe é, ó tó. Mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ilé ìwé abúlé ti kógbá sílé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tì. Bí ilẹ̀kùn tiwa náà bá wà ní títì, níbo làwọn èèyàn ó ti rí ara wọn? Mo pa Ìdàpọ̀ mẹ́ta rẹ́, mo ní a ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ ṣe é.

Ọjọ́ kejì oṣù, a ṣe àjọ̀dún Àwọn Ènìyàn Mímọ́ pẹ̀lú àlùfáà àgbà yẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́. Aṣọ funfun ló wà lórí pẹpẹ. Ìyá àgbàlagbà kan, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló ń pààrọ̀ aṣọ náà: funfun, lẹ́yìn náà pupa, lẹ́yìn náà funfun fún àjọ̀dún Kírísítì Ọba, kó tó wá kan àlùkò ti Ádífẹ́ǹtì, àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ìgbà mẹ́rin láàárín oṣù kan, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ kó tó tẹ́ ẹ. Gbogbo abúlé ń pe ìyá yìí ní orúkọ rẹ̀ lásán, ó sì fẹ́ kí èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé, ẹnu mi ò tíì gbà á.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló gba gbogbo agbára mi. Ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú sójú ogun ni, aago mọ́kànlá géérégé sì ni ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí òkúta ìrántí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Olùkàwé ìjọ, ẹni tí kì í ṣe àlùfáà àmọ́ tó ní àṣẹ láti darí ìsìn, ló darí rẹ̀, èmi ni mo máa ka orúkọ. Mo gbé aago dání ní ọjọ́ Ẹtì, mo rìn láti pẹpẹ dé ibi òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹta: ìṣẹ́jú mẹ́rin ni bí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn bá wà níwájú. Orúkọ mẹ́rìnlá ló wà láti ogun 1914 sí 1918, márùn-ún láti 1939 sí 1945. Mẹ́ta nínú àwọn ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kì í jáde lẹ́nu bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí náà mo tọ bàbá kan tó jẹ́ ìbátan wọn lọ, ó sì fi mí kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ahọ́n mi fi yọ́. Kò sí ẹni tó lè fun fèrè ológun tí wọ́n fi ń ṣèrántí àwọn òkú, fóònù la fi gbé orin rẹ̀ jáde. Èèyàn mọ́kànlá péré la máa ń rí ní ọjọ́ Ìsinmi lásán. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lé ní àádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo ka ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn tẹ̀ léra, mo gbọ́ tí ẹnìkan fa imí lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni èmi fúnra mi darí Àdúrà Òwúrọ̀. Ìbẹ̀rù mi ni ibi ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, nítorí àlùfáà nìkan ló lè kéde rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe àlùfáà a máa fi àdúrà kan rọ́pò rẹ̀ láti inú Ìwé Àdúrà 1662, ìwé ìsìn àtijọ́ Ìjọ wa: àdúrà ọjọ́ Ìsinmi kọkànlélógún lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan, tó ń tọrọ ìdáríjì àti àlàáfíà fún àwọn olóòótọ́. Bí mo ṣe ń gbà á, mo rí i pé ọjọ́ Ìsinmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá gan-an ló ni ín. Èèyàn mẹ́sàn-án. Kò sí ìwàásù gígùn, kò sì sí ẹni tó bi mí pé àlùfáà dà. Tí mo bá ní kí n sọ tòótọ́, èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú oṣù náà.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, aago mẹ́jọ, òtútù ń já lára ògiri. Ìwé Àdúrà 1662 ní ó kéré tán, ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ gba Ìdàpọ̀ pẹ̀lú àlùfáà. Èmi àti ìyá aláṣọ pẹpẹ la wà níbẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo lù nígbà tí àgbẹ̀ kan wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ àti ajá rẹ̀. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń gbèrò láti ka ajá náà mọ́ wa. A gbàdúrà tó ní kí Olúwa ru ìfẹ́ ọkàn wa sókè, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàwàdà pé àkókò ti tó láti ro pọ́díǹgì Kérésìmesì, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ríru ọkàn sókè àti ríro oúnjẹ pọ̀.

Ọjọ́ kọgbọ̀n ni gbogbo ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ní ọ̀dọ̀ wa, díìnì sì wá ṣe Ìdàpọ̀. Àṣìṣe mi pọ̀ jù níbí. Mo ti tẹ ọgọ́ta ìwé ìsìn, mo sì da Ìhìnrere kọ láti inú ti Ádífẹ́ǹtì ọdún tó kọjá: Lúùkù orí 21. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn ẹ̀kọ́ kíkà ń yí, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ Ádífẹ́ǹtì yìí gan-an ni ti Mátíù sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Lúùkù. Díìnì ló rí i ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mátíù orí 24 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ibi tí Jésù ti ní ká máa ṣọ́nà nítorí a kò mọ ọjọ́. Ó ka ìyẹn fún mi lórí fóònù, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Mo tún ọgọ́ta náà tẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìsìn ní yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Díìnì fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀: Ìdàpọ̀ Mímọ́, èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìyá aláṣọ pẹpẹ yọjú, ó béèrè bóyá mo ti rí ẹni tí yóò ṣe ti òru Kérésìmesì.