Ẹ gba àsansílẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà
Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba ìdajì owó. Oníbàárà mi kan ní kí n bá òun kọ ètò òwò ojú ìwé 10. Kò pẹ́ tó fi ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ ṣáà bá mi fi èyí kún un." Ó di ojú ìwé 34, owó ò kúrò níbi tó wà! Ní báyìí, mo ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àtúnṣe 2 péré ni. Ìkẹta ní owó tiẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá sì yọ withholding tax (owó orí tí wọ́n ń yọ fún ìjọba kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ fún yín) nínú owó yín ní Nàìjíríà, ẹ tètè béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òun lẹ máa fi dín owó orí yín kù.