Kí ẹ tó gbé ìwé yín fún atẹ̀wé

Ìwé àtìgbàdégbà kékeré fún ewì àti ìtàn kúkúrú lédè Yorùbá ni mò ń ṣe olóòtú rẹ̀ n'Íbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ sábà máa ń béèrè iye tí yóò ná àwọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ná, torí kó tó kan atẹ̀wé ni ìwé ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Ẹ pe àwọn òǹkọ̀wé kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ sọ bí ìtàn ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ẹ dá gbèdéke, kí ẹ sì sọ kedere bóyá ẹ máa sanwó tàbí ẹ ò ní san. Fáìlì Word ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò lórí WhatsApp. Tí iṣẹ́ bá ti wọlé, ẹ yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, kí ẹni méjì ó kéré tán kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá, torí iṣẹ́ ló yẹ ká wò, kì í ṣe orúkọ. Black Orpheus, ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí lọ́dún 1957, tẹ iṣẹ́ àwọn akéwì bíi Gabriel Okara àti Christopher Okigbo nígbà tí òkìkí wọn kò tíì kàn. Ẹni tí ẹ ò bá sì gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fún un lésì.

Àmì ohùn ló gba sùúrù jù. Òǹkọ̀wé kan ò ní fi àmì kankan sí i, òmíràn á fi sí ìdajì. Ẹ má dá a ṣe fúnra yín. Ẹ pe akéwì lórí fóònù, kó ka ewì rẹ̀ sí yín létí, kí ẹ máa fi pẹ́ńsùlù sàmì bó ṣe ń kà á. Akéwì kan fi ìlà yìí ránṣẹ́ sí wa: "Ojo ti wọlé wa." Òjò ni gbogbo wa rò pé ó ń wí, torí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ló ṣáájú. Nígbà tó máa kà á, ojo ló pè, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé: "ayé" la ń kọ, kì í ṣe "aiyé", "ẹyẹ", kì í ṣe "ẹiyẹ". Ẹ kọ ìpinnu yín sínú ìwé kan tí gbogbo olóòtú á máa wò.

Ó kan títò. Tí ẹ bá máa ká ìwé A4 sí méjì kí ẹ fi stapler kàn án láàárín, iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 32, 36, 40. Tí ẹ bá ní 38, ẹ wá ewì kún un tàbí kí ẹ yọ méjì kúrò. Tí ìlà ewì bá gùn ju ojú ìwé lọ, akéwì ni kó sọ ibi tí yóò ti ṣẹ́.

Charis SIL, Gentium àti Noto Serif jẹ́ fóńtì ọ̀fẹ́ tó gbé àmì wa dáadáa. Ẹ kọ ẹ̀, ọ́, ṣ, ǹ wò ná. PDF tí fóńtì ti wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé fún atẹ̀wé. Tí ẹ bá gbé Word lọ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè sọ àwọn lẹ́tà alámì di àpótí kéékèèké.

Ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria lẹ ti máa gba ISSN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé àtìgbàdégbà mọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo àtẹ̀jáde yín máa lò.

Ẹ ní kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹlòmíràn máa fojú bá a lọ. Orúkọ òǹkọ̀wé máa ń wà níbi mẹ́ta: nínú àkóónú, lórí iṣẹ́ rẹ̀, àti lẹ́yìn ìwé níbi tí a ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, títí dórí àmì. Kò sóhun tó ń dun òǹkọ̀wé tó pé kí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ yọ ti àwọn òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta ẹyọ kan. Ẹ yọ ti National Library náà, òfin ló ní kí ẹ kó o fún wọn.