Gálásì mi ti pupa: ṣé àdúgbò ló dá bíbí ìràwọ̀ dúró?

Ìbéèrè: Mo kó dátà gálásì (agbo ìràwọ̀ ńláńlá) inú àgbájọ Virgo, níbi tí ọ̀pọ̀ gálásì ti kóra jọ, láti inú SDSS, ìwádìí tó ń ya àwòrán ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ wọn pupa bíi gálásì tí ìràwọ̀ kò bí nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà níta búlúù bí èyí tí ìràwọ̀ tuntun ń bí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé àdúgbò, ìyẹn ibi tí gálásì wà, ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ọ́. Gálásì ńlá máa ń dá bíbí ìràwọ̀ dúró fúnra rẹ̀, kódà bó bá dá wà, gálásì ńlá sì pọ̀ nínú àgbájọ. Lọ́dún 2010, Peng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dátà SDSS kan náà hàn pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n gálásì ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti àdúgbò. Ẹ mú gálásì tí àpapọ̀ ìwúwo ìràwọ̀ wọn dọ́gba, ti inú àti ti ìta, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà, ẹ lè máa fura sí àdúgbò.

Ìbéèrè: Ó ṣì wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó fẹ̀gbẹ́ kọ wá náà pupa.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku inú wọn ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ wọn di pupa. Ẹ wò wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kò lè rí. Bí eruku gbígbóná bá tàn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìràwọ̀ tuntun wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Spectrum (ìmọ́lẹ̀ tí a pín sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan) gálásì kan sọ pé ìràwọ̀ ń bí, àmọ́ nínú àwòrán, gbogbo etí rẹ̀ ti pupa. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ gba méjèèjì. Fáíbà SDSS àkọ́kọ́, okùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fún spectrum, fẹ̀ tó arcsecond 3 péré lójú ọ̀run (arcsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dígíríì kan). Virgo jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 ọdún ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ibi tí fáíbà yẹn rí kò tó 800 ọdún ìmọ́lẹ̀ ní fífẹ̀: àárín gbùngbùn nìkan. Bẹ́ẹ̀ etí ni àdúgbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì lọ, gáàsì yìí sì ni ìràwọ̀ fi ń bí. Ẹ tún yẹ ìlà nitrogen àti oxygen inú spectrum náà wò, torí gáàsì tó yí ihò dúdú ká lè tàn bí ẹni pé ìràwọ̀ ló ń bí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó kó gáàsì lọ?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti dùn. Gáàsì tó gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dígíríì kún inú àgbájọ. Gálásì tó ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá máa ń gba afẹ́fẹ́ sójú, bí ẹni tó gun ọ̀kadà lọ́jọ́ tí ewé kankan kò mì. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Gunn àti Gott ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1972: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Gáàsì nìkan ni afẹ́fẹ́ yìí lè gbá lọ; kò lè mi ìràwọ̀. Gálásì tó kọjá nítòsí ní tirẹ̀ á fa gáàsì, á sì fa ìràwọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo gálásì NGC 4522 nínú Virgo. Ìràwọ̀ rẹ̀ tò bó ṣe yẹ, kò sí èyí tó wọ́. Ṣùgbọ́n háídírójìn rẹ̀, tí awò rédíò VLA yà, ti sún kì sí àárín, ìyókù sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ kọ ọ́ láìbẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ àgbájọ ni.

Ìbéèrè: Òmíràn wà níta àgbájọ, ìràwọ̀ kò bí níbẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Ó lè ti gba inú àgbájọ kọjá rí, kó sì ti jáde ní òdì kejì. Ẹ fi irú wọn sí ọ̀wọ́ tiwọn, ẹ má kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò wọlé rí.