Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣe kéèkì òṣùpá ní Guangzhou

Lọ́dọọdún, nígbà ọdún òṣùpá àwọn ará Ṣáínà, ni àwọn oníbàárà mi ní Guangzhou máa ń gbé kéèkì òṣùpá fún mi nínú páálí aláràbarà, tí èmi náà á jẹ ẹ́ láìbéèrè nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ ìyá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi pé kó kọ́ mi. Ayi ni mo ń pè é, bí ìgbà téèyàn bá ní àǹtí.

A kọ́kọ́ po èèpo: ìyẹ̀fun, òróró ẹ̀pà, omi ṣúgà tí wọ́n sè títí ó fi ki bí oyin, àti ẹ̀kán omi kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi kán-ún. A bò ó kó sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè orírun ọdún òṣùpá yìí. Mo ní ṣebí àṣírí ogun ni wọ́n fi pamọ́ sínú kéèkì nígbà tí wọ́n fẹ́ lé àwọn Mongol tó ń jọba lé Ṣáínà lórí lọ. Ayi rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n lé wọn ní 1368 lóòótọ́, àmọ́ ọdún náà ti dàgbà kó tó dìgbà yẹn. Àwọn ọba àtijọ́ ló máa ń bọ òòrùn nígbà ìrúwé, tí wọ́n á sì bọ òṣùpá nígbà ìkórè. Láyé ìdílé ọba Tang, àwọn akéwì ń jókòó wo òṣùpá, wọ́n ń mutí, wọ́n ń kéwì sí i. Láyé ìdílé ọba Song (960 sí 1279) ló wá di ọdún tẹrú-tọmọ, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ. Yíyọ òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù, bíi ti àwọn baba wa tó ń sọ pé oṣù lé.

Mo ní, Chang'e, obìnrin inú ìtàn wọn tó gbé oògùn àìkú mì, tó fò lọ sínú òṣùpá ńkọ́?

“Ìyẹn la fi ń mú àwọn ọmọdé jókòó.”

Ibi ìdì ló ti le. Èèpo gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó sì bo hóró lotus (òdòdó inú omi) tí a lọ̀ pẹ̀lú pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ tó wà láàárín rẹ̀. A fi igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí tẹ̀ ẹ́, a yan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a fi ẹyin ra á lórí, a dá a padà sínú ààrò. Ẹyin tèmi pọ̀ jù, ó di gbogbo ojú ọnà náà pa. Nígbà tó tutù, ó le bí òkúta. Mo ti ń wá ibi tí màá dà á sí, Ayi ní kí n fi sílẹ̀, òróró rẹ̀ kò tíì padà sí èèpo. Ní ọjọ́ kẹta ó rọ̀, ó ń dán.

Lálẹ́ ọdún, a jẹ́ márùn-ún, ó gé e sí mẹ́fà. Ìkan jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Shenzhen. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ṣakí. Ó ní ta ló da ẹyin sí i lórí báyìí?