Táyà 35 ti sọ Land Cruiser 80 yín di ọ̀lẹ? Ẹ wá ká pààrọ̀ gíà dífù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ki táyà ínṣì 35 bọ Land Cruiser 80, tẹ́ ẹ wá ń gun òkè Hawan Kibo lọ sí Jos, tí gíà ọ́tò (automatic) ń já wálẹ̀ tó tún ń padà sókè tí kò mọ èyí tó máa dì mú, ẹ má tíì dá ẹ́ńjìn lẹ́bi o. Ẹ́ńjìn 4.5 lítà yẹn ò ṣe nǹkankan. Dífù, ìyẹn gíà tó ń gba agbára lọ́wọ́ púrópẹ́là (ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀) fún táyà, ni kò bá táyà mu mọ́. Kíráwùn (gíà ńlá inú ẹ̀) àti píníọ̀nù (gíà kékeré tó ń yí i) lẹ máa pààrọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan, torí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ọ̀pọ̀ 80 nígbà gbogbo. Tí iwájú bá yàtọ̀ sẹ́yìn, sẹ́ńtà dífù, èyí tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, ò ní sinmi, tẹ́ ẹ bá sì wá lọ́ọ̀kì ẹ̀, ó dìjà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín ná. Tókùnbọ̀ lẹ rà, ta ló mọ ohun tí wọ́n ti tú nínú ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fi òkúta ńlá dí táyà iwájú dáadáa torí ẹ máa tú handbrake sílẹ̀, ẹ fi gíà sí nútrà, ẹ wá jáàkì táyà ẹ̀yìn kan sókè, kan péré, ìkejì ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ sì gbé stand sábẹ́ ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti púrópẹ́là. Ẹ yí táyà yẹn lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí ẹnìkan máa ka púrópẹ́là. Tó bá yí mẹ́rin pẹ̀lú díẹ̀ lórí ẹ̀, 4.10 nìyẹn, ìyẹn iye ìgbà tí píníọ̀nù ń yí kí kíráwùn tó yí lẹ́ẹ̀kan: kíráwùn eyín 41, píníọ̀nù eyín 10.

Táyà tó bá ọkọ̀ dé, 275/70R16, ga tó bí ínṣì 31. Ẹ fi 31 pín 35, ẹ fi 4.10 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí bíi 4.63. Nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà, 4.88 sún mọ́ ọn, ó tiẹ̀ lé díẹ̀, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ń kẹ́rù tàbí tó ń wọ yanrìn lápá Yobe. Spídómítà á kàn máa bù mọ́ ọn, á ní 105 nígbà tẹ́ ẹ ń sá 100, ìyẹn ò pa èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kíráwùn àti píníọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ bára mu, jọ ni wọ́n lọ̀ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni ní Zuba má sì sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni tiwájú àti tẹ̀yìn o: tẹ̀yìn jẹ́ ínṣì 9.5, tiwájú ínṣì 8, eyín tiwájú sì dojú kọ ibòmíì. Ẹ ra bẹ́ríìn, síìlì, ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tó ń sún píníọ̀nù wọlé tàbí jáde) àti crush sleeve (òrùka irin tó ń fún pọ̀ bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì píníọ̀nù) tuntun mọ́ ọn.

Títú ẹ̀ ò le. Tẹ̀yìn, ẹ da ọ́ìlì sílẹ̀, ẹ tú púrópẹ́là, ẹ tú nọ́ọ̀tì ojú họ́ọ̀bù. Àwọn wáṣà ṣóńṣó kékeré tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn máa ń lẹ̀ pinpin, ẹ fi hámà bráàsì gbá ojú áàsù, wọ́n á ta jáde fúnra wọn. Ti iwájú ló ń gba àkókò torí ẹ máa tú knuckle (oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí), ẹ kúkú pààrọ̀ gíríìsì àti síìlì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́ ẹ tó tú ìdérí bẹ́ríìn inú dífù, ẹ sàmì sí tòsì àti tọ̀tún, wọn ò gbọdọ̀ ṣípò padà.

Ibi tówó yín ti lè ṣòfò ni sẹ́tíìnì, ìyẹn títò kíráwùn àti píníọ̀nù kí wọ́n lè bára mu dáadáa. Mẹkáníìkì tó bá fọwọ́ mi kíráwùn lásán tó ní "ó ti dáa, ọ̀gá", ẹ gbé dífù yín kúrò níwájú ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ máa fún níṣẹ́, ní Apo o, ní Kugbo o, gbọ́dọ̀ ní dial gauge, aago tó ń wọn ààyè kékeré. Ààyè tó wà láàárín eyín méjèèjì máa ń jẹ́ bíi 0.15 sí 0.20 mm, àmọ́ ìwé tó bá sẹ́ẹ̀tì yín wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kó kun eyín mẹ́ta mẹ́rin ní ọ̀dà, kó fi igi tẹ kíráwùn díẹ̀ bó ṣe ń yí i, kẹ́yin fúnra yín wá wo ibi tí ọ̀dà ti nù kúrò. Àárín eyín la fẹ́. Tó bá lọ sísàlẹ̀ nídìí eyín, píníọ̀nù ti wọlé jù, kó dín ṣíìmù kù. Tó bá wà lókè téńté, kó fi kún un. Ẹni tó gbọ́n máa ń fi gráíńdà fẹ inú bẹ́ríìn àtijọ́ kan kó lè máa yọ́ wọlé yọ́ jáde, torí ó lè tú u tó ìgbà márùn-ún kó tó rí i ṣe. Crush sleeve tó bá sì ti fún jù, kò sí pé à ń tú u padà díẹ̀, tuntun ló kù.

Ẹ rọ ọ́ìlì 80W-90 GL-5 sí i. Ẹ má gba Kàdúná lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ rìn ín bíi láti Apo dé Kubwa, a hankali, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ páàkì ẹ̀ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, ẹ má sì wọ́ ọkọ̀ kankan títí dé 800 km. Níbẹ̀ kẹ́ ẹ da ọ́ìlì yẹn nù. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì orí bóòtù tẹ́ ẹ fi da ọ́ìlì: tó bá kàn dúdú lúbúlúbú bí eérú tí wọ́n pò mọ́ òróró, ó dáa, ẹ rọ tuntun sí i, tó bá ní ègé irin tó ń gún ọwọ́, ẹ tú u padà lọ́jọ́ náà.